Àlùfáà Tí Kò Bá Àwọn Bàbá Sọ̀rọ̀

Ọmọkùnrin tó bá ti fẹ́ràn obìnrin jù ní àdúgbò wa, Romeo ni wọ́n máa ń pè é. Orúkọ yẹn ti di ẹ̀fẹ̀. Ó jọ pé àwọn tó ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ kò ka eré náà dópin, torí Romeo inú ìwé, ọmọ tí àwọn àgbà fi ìjà wọn pa ni. Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó, nítorí àlùfáà kan wà nínú eré náà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn mí gbọ̀ngbọ̀n.

William Shakespeare, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló kọ Romeo and Juliet. Ọdún 1597 ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ jáde. Ìlú Verona ní Ítálì ló fi í sí. Ìdílé méjì ló ń bá ara wọn ṣọ̀tá níbẹ̀, Montague àti Capulet. Kí ló dá ìjà wọn sílẹ̀? Ẹ kà á látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ẹ ò ní rí i. Ìjà àtijọ́ ni, ìyẹn nìkan la gbọ́. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ pàápàá ń fa idà yọ síra wọn lójú títì nítorí ọ̀gá wọn. Romeo, ọmọ Montague, yọ́ wọ ibi àríyá nílé Capulet, ó rí Juliet, ọmọ onílé, tí kò tíì pé ọmọ ọdún 14. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Lọ́jọ́ kejì, àlùfáà tó ń jẹ́ Friar Laurence so wọ́n pọ̀ níkọ̀kọ̀.

Kò ṣe é nítorí owó o. Ó rò pé ìgbéyàwó yẹn á pa iná ìjà náà. Àmọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn gan-an, Tybalt, ìbátan Juliet, pa ọ̀rẹ́ Romeo. Romeo náà pa Tybalt. Alákòóso ìlú sì lé e jáde nílùú. Bàbá Juliet, tí kò mọ̀ pé ọmọ òun ti lọ́kọ, ní dandan ni kó fẹ́ Paris, ìbátan alákòóso. Ni àlùfáà bá fún ọmọ ní oògùn tí yóò mú un sùn bí òkú fún wákàtí 42, ó kọ lẹ́tà sí Romeo pé kó wá gbé ìyàwó rẹ̀. Lẹ́tà ò dé. Àjàkálẹ̀ àrùn wà, wọ́n ti ìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó mú un dání. Ìròyìn ikú nìkan ló dé etí Romeo. Ó mu májèlé nínú ibojì. Juliet jí, ó rí òkú ọkọ rẹ̀, ó fi ọ̀bẹ gún ara rẹ̀. Láti alẹ́ tí wọ́n pàdé dé ibojì, kò pé ọ̀sẹ̀ kan.

Àwa tá a wà ní Maiduguri lọ́dún 2013 ò ní fi lẹ́tà tí kò dé yẹn rẹ́rìn-ín. Ẹ rántí oṣù Karùn-ún ọdún yẹn, nígbà tí ìjọba kéde òfin pàjáwìrì, tí wọ́n pa nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àwọn kan ní láti wọkọ̀ jáde kúrò ní Borno kí wọ́n tó lè sọ fún ìyá wọn nílé pé àwọn ṣì wà láyé. Mo mọ ohun tí ìròyìn tí kò dé lè ṣe féèyàn. Síbẹ̀, lójú tèmi, kì í ṣe lẹ́tà ló pa àwọn ọmọ yìí.

Ẹ wo àlùfáà yẹn. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Juliet ti ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Romeo kì í fọ̀rọ̀ pamọ́ fún un. Capulet fúnra rẹ̀ ń yìn ín. Bẹ́ẹ̀, kò sí ọjọ́ kan tó kanlẹ̀kùn bàbá èyíkéyìí kó ní, "Alàgbà, ẹ jókòó, ọ̀rọ̀ wà." Ọjọ́ tó délé Capulet, ńṣe ló ń tu òbí nínú lórí ọmọ tóun mọ̀ dájú pé kò kú. Inú ibojì ló ti wá là á, nígbà tí Romeo, Juliet àti Paris ti di òkú.

Yorùbá ní alárinà. Òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan dé èkejì títí ọmọbìnrin á fi ṣíhùn, tí àwọn àgbà á wá jókòó fún ìtọrọ. Ìgbà tí wọ́n bá mojú ara wọn tán ni alárinà tó yẹ̀bá. Àlùfáà yìí ń ṣe alárinà fún àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀. Àwọn bàbá ló nílò rẹ̀.

Mò ń sọ èyí torí àwọn ọmọ wa ń wá sí ọ́fíìsì mi. "Pásítọ̀, ẹ ṣáà so wá pọ̀, Dádì á gbà tó bá yá." Mi ò ní ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò tún ní sọ fún wọn pé kí wọ́n lọ gbọ́ràn sí bàbá wọn lẹ́nu, kí n wá fẹ̀yìn ti àga mi.

Lọ́dún tó kọjá, àwọn méjì wá. (Wọ́n ti gbà kí n sọ ọ́, ẹ má wulẹ̀ máa wá orúkọ wọn kiri.) Ilé-Ifẹ̀ ni ìdílé ọmọkùnrin ti wá, ti ọmọbìnrin wá láti Modákẹ́kẹ́. Maiduguri ni wọ́n bí àwọn méjèèjì sí. Hausa wọn dán ju Yorùbá wọn lọ; bí ẹ bá gbọ́ wọn ní Monday Market, ẹ ò ní mọ̀ pé ará wa ni wọ́n. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ò mọ̀, nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé tú ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tó sá wá sí Ifẹ̀ ló wá di ará Modákẹ́kẹ́. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ìṣákọ́lẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Lọ́dún 1997, ọ̀rọ̀ ibi tí olú ìjọba ìbílẹ̀ yóò wà tún dáná sí i, ó di ọdún 2000 kó tó rọlẹ̀. Ìlú méjì tó fara kanra, tí wọ́n ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn tipẹ́.

Bàbá ọmọbìnrin ní òun ò lè fọmọ fún Ifẹ̀. Mo lọ bá a. Ó sọ ti ilé tó jóná fún mi, àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọn ò rí mọ́. Mi ò bá a jiyàn. Ìjà yìí ní ìdí, kò dà bíi ti Verona. Ẹni tó ṣọ̀fọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Capulet náà, níbẹ̀rẹ̀, ó sọ fún Paris pé kó lọ wá ojúure ọmọ òun, torí ọwọ́ ọmọ lọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Lẹ́yìn ikú Tybalt ló di ẹni tó ń halẹ̀ pé òun á lé ọmọ sígboro. Mo kúrò níbẹ̀, mo kọjá sọ́dọ̀ bàbá ọmọkùnrin, torí ẹnu tiẹ̀ náà kò mọ́: "àwọn tá a fún nílẹ̀" ló ń pè wọ́n.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni gbà. Mo ní kí wọ́n pe àwọn ọmọ, kí wọ́n bi wọ́n, bí àwọn ará ilé Rebeka ti pè é tí wọ́n bi í ní Jẹ́nẹ́sísì orí 24. Mo ní kí àwọn bàbá méjèèjì wá jókòó nílé mi.

Ní Verona, ìgbà tí ọmọ ti kú tán ni Montague ṣèlérí pé òun á fi ojúlówó wúrà ṣe ère Juliet. Capulet ní òun náà á ṣe ti Romeo. Ẹ gbọ́ o, létí ibojì ọmọ, ó tún ku ẹni tí ère tiẹ̀ á dára jù!

Ẹ̀ẹ̀mejì la ti jókòó. Lákọ̀ọ́kọ́, wọn ò wo ojú ara wọn, èmi ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, bàbá ọmọbìnrin bi èkejì pé agbolé wo ni wọ́n ti wá, wọ́n sì sọ̀rọ̀ oko kòkó títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹ̀kẹta di Sátidé lẹ́yìn Ìkórè. Àwọn ọmọ náà ń dúró.