Mọ́kọ́lá Méjì

Ẹ má bínú pé ẹ ò gbúròó mi. Data ni mo ń bá jà.

Ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ omi ní Ìbàdàn ni PhD mi dá lé. Àtẹ ńlá méjì ló wà nínú database mi: ti àtijọ́, àti èyí tí àwọn tó ń bá mi ṣiṣẹ́ nílé ṣàtúnṣe sí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan lé ní mílíọ̀nù kan àbọ̀ ìlà. Supervisor mi fẹ́ rí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ síra, nínú Excel, kó tó di Friday.

Èmi ọ̀mọ̀wé, mo kọ́kọ́ kó gbogbo ẹ̀ dà sínú Excel. Excel ò sì gbà ju ìlà 1,048,576 lọ lójú ewé kan. (Ní 2020, níbí ní Ẹ́ńgílàǹdì, irú ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀: Excel àtijọ́ tí kò gbà ju 65,536 lọ ló kún, tí èsì àyẹ̀wò Kòrónà 15,841 fi fò wọ́n ru.)

Mo bá pe bọ̀ọ̀dá mi kan ní Toronto. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. “Àbúrò, ṣé garawa lo fẹ́ fi gbé odò Ògùnpa ni? Jẹ́ kí database fúnra ẹ̀ fi wọ́n wéra. Ìyàtọ̀ nìkan ni kóo kó jáde.” Wọ́n ní kí n lo EXCEPT, láti apá àkọ́kọ́ sí èkejì, kí n tún yí i padà. Wọ́n ní kí n má lo àmì <>, torí ibi tó bá ṣófo, ìyẹn NULL, á yọ́ kọjá lára ẹ̀. EXCEPT ní tiẹ̀ gbà pé òfìfo àti òfìfo, ọ̀kan náà ni.

Mo ṣe é. Ìlà tó yàtọ̀ lé ní 400,000! Àyà mi já. Gbogbo Bódìjà, gbogbo Mọ́kọ́lá. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mi ò rí ìyàtọ̀ kankan. Challenge àti Ring Road ò ní wàhálà rárá.

Ìgbà tí mo fi length() wọn Mọ́kọ́lá ni mo tó mọ̀: 8 lápá kan, 11 lápá kejì. Kọ̀ǹpútà kan kọ ọ àti àmì abẹ́ ẹ̀ bí ohun kan ṣoṣo; èkejì kọ o lásán, ó wá kọ àmì abẹ́ ẹ̀ lọ́tọ̀. Ti á náà rí bẹ́ẹ̀. Ojú èèyàn ò lè rí i. PostgreSQL ní normalize() tó ń sọ méjèèjì di ọ̀kan. Mo lò ó, mo tún fi wọ́n wéra. Ó ku 2,316.

Ohun tó ń dùn mí ni pé mo ti kọ email sí supervisor mi lálẹ́ Tuesday pé ká yọ gbogbo ìlà tí kò bára mu dànù. Oorun ni ò jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. Ká ní mo tẹ̀ ẹ́ ni, àwọn àdúgbò tí ẹnì kan fara balẹ̀ fi àmì sí orúkọ wọn ni ì bá pòórá. Àwọn tó ń jẹ́ orúkọ Òyìnbó ni ì bá ṣẹ́ kù nínú ìwádìí omi Ìbàdàn.

Excel ti lọ láàárọ̀ yìí. Èsì supervisor mi: “Thanks.” Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí n lọ tẹ ẹ̀bà.