Ọkọ̀ Tí Yóò Pàdé Èrò Òkè Òkun

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́sẹ̀ yìí lè dàbí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹni tí kò ní ènìyàn lẹ́yìn odi. Ṣùgbọ́n agbo ilé mélòó ni ó kù ní Òkè-Ogbó wa níhìn-ín, tàbí ní Ilé-Ifẹ̀ lápapọ̀, tí kò ní ọmọ, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní Amẹ́ríkà tàbí ní Kánádà? Ọjọ́ ń bọ̀ tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ilé, ayọ̀ yóò sì gba gbogbo ilé kan. Nínú ayọ̀ náà ni a ti máa ń gbàgbé láti bèèrè pé, bí ọkọ̀ òfurufú bá sọ ọ́ kalẹ̀ tán, ta ni yóò gbé e, ọ̀nà wo ni wọn yóò sì gbà?

Ní ayé àwọn baba wa, ọkọ̀ ojú omi ni ó ń gbé èrò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá. Àwọn àgbà tí ó gun ọkọ̀ Aureol, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní ọdún 1951, máa ń sọ pé nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni àwọn fi wà lórí omi. Ẹni tí yóò pàdé wọn ní àyè láti wá owó ọkọ̀, kí ó rán aṣọ, kí ó sì ti wà ní Èkó kí ọkọ̀ tó fọn fèrè. Lónìí, ẹni tí ó jẹun alẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lè fọ ẹnu òwúrọ̀ ní Ìkẹjà. Ìrìn ojú òfurufú ti di kíkúrú. Èyí tí ó kù lórí ilẹ̀ ni ó ń fa àárẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin kan ń gbé ní Manchester, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, tí ó ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024 ó kọ̀wé sí wa pé òun yóò wá ilé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, òun pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá. Ó dùn mọ́ gbogbo wa. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé òun kò ní kọ́kọ́ wọ Ifẹ̀. Àgbádárìgì ni òun yóò kọ́kọ́ dé, òun yóò sì lo ọjọ́ mẹ́ta níbẹ̀. Níbẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, tí ó ti di olóògbé, ti ṣe tíṣà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Níbẹ̀ ni ó bí àkọ́bí rẹ̀ ọkùnrin sí, níbẹ̀ náà ni ọmọ náà kú sí nígbà tí ó pé oṣù mẹ́rin. Gẹ́gẹ́ bí àṣà, àwọn àgbà gbé òkú ọmọ náà kúrò lójú rẹ̀, wọ́n sin ín, wọn kò sì fi ibẹ̀ hàn án. Láti ọdún 1974 tí wọ́n ti kúrò ní ìlú náà, kò tíì fi ẹsẹ̀ kàn án mọ́.

Nígbà tí a ka ìwé náà fún Baba àgbà ilé wa, ó dákẹ́ pẹ́ títí. Lẹ́yìn náà ó ní, “Irú kí ni èyí? Ẹni tí ó ti òkè òkun dé yóò ha yẹ ẹnu ọ̀nà ilé baba rẹ̀ sílẹ̀, kí ó yà sí ilẹ̀ Ègùn? Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ kò ha mọ̀ pé òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ?”

Ọ̀rọ̀ àgbà ni, a kò sì fi ṣe yẹ̀yẹ́. A wólẹ̀, a bẹ̀ ẹ́, a sì sọ èrò ọkàn wa fún un. Lójú tiwa, nítorí ìyá tí ó wà ní ọ̀dọ́ ni àwọn baba ńlá wa ṣe dá àṣà yìí sílẹ̀, kí ó má baà jókòó ti ibojì kan, kí ó máa sunkún lórí rẹ̀, dípò kí ó gbójú sókè sí ọmọ mìíràn. Ẹni tí a ń wí yìí ti bí ọmọ mẹ́ta lẹ́yìn èyí, ó ti rí ọmọ-ọmọ, irun orí rẹ̀ sì ti funfun báláú. Kí ni a tún ń pa mọ́ fún un? Baba mi orí. Ó ní, “Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, eékún ọmọ mi kò lágbára mọ́. Bí ẹ bá máa mú un lọ, kí ọkọ̀ tí yóò gbé e jẹ́ ọkọ̀ gidi, kí ẹni tí yóò wà á sì jẹ́ ènìyàn.” Bí ètò ọkọ̀ ṣe di ẹrù ọrùn wa nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ fún yín pé láti ibi rírà tíkẹ́ẹ̀tì ni irú ètò báyìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ òfurufú méjì ni wọ́n lè bá wá. Ọ̀kan yóò gúnlẹ̀ ní alẹ́, owó rẹ̀ sì dín díẹ̀. Èkejì yóò gúnlẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa fẹ́ èyí tí ó dínwó. A sọ fún un lórí tẹlifóònù pé kí wọ́n tó yẹ ìwé ìrìnnà wọn wò, kí àpótí wọn tó jáde, wákàtí kan tàbí méjì yóò ti lọ, òru yóò sì ti ṣú. Ọ̀nà Àgbádárìgì kì í ṣe ọ̀nà tí à ń fi arúgbó rìn lóru. Ọmọ náà ní, “Àǹkù, ṣé ó burú tó bẹ́ẹ̀?” A ní kí ó bi ìyá rẹ̀. Ti àfẹ̀mọ́júmọ́ ni wọ́n rà. Oṣù ọyẹ́ sì ni, nígbà tí kùrukùru lè dá ọkọ̀ òfurufú dúró fún wákàtí púpọ̀. Ẹni tí ó bá pẹ́ ní òwúrọ̀ ṣì ní ọ̀sán níwájú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá pẹ́ ní alẹ́ ti di ti òru.

Èyí tí ó kàn ni ọkọ̀. Ọkọ̀ tiwa kò ju èyí tí ó lè gbé wa dé Ìpetumodù lọ kí ó sì padà. Ènìyàn márùn-ún ni yóò wà nínú ìrìn náà pẹ̀lú àwa àti ìyàwó wa, àpótí ńlá mẹ́fà sì wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí a ń fi fóònù pè ní Èkó pọ̀, ó sì dára láàrin ìlú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn awakọ̀ rẹ̀ kì í fẹ́ lọ sí Àgbádárìgì, nítorí òfìfo ni wọn yóò bá padà. Àwọn tí ó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pápákọ̀ òfurufú ń bẹ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó rẹ̀, tí kò mọ iye tí epo ń jẹ́ lónìí, kò lè ná ọjà pẹ̀lú wọn. A pinnu láti háyà ọkọ̀ Sienna kan fún ara wa, kí awakọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Àgbádárìgì.

Ẹni àkọ́kọ́ tí a bá ṣe àdéhùn kò ṣe é fọkàn tán. Nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́rin, ó ní kí a fi ìdajì owó náà lé e. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì wá ẹlòmíràn. Ilé àlejò tí a gbà fún wọn ni ó júwe ọkùnrin kan fún wa, ẹni nǹkan bí àádọ́ta ọdún, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Kí a tó dé orí iye owó, a kọ́kọ́ bá a sọ ohun tí owó náà yóò gbà: epo, owó ibi ìgbọ́kọ̀sí, àti dídúró dè wá bí ọkọ̀ òfurufú bá pẹ́. Lórí dídúró yìí ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ jù, nítorí ẹni tí ó háyà ọkọ̀ rò pé ọ̀fẹ́ ni, awakọ̀ sì rò pé wákàtí kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀. Àwa fi sí wákàtí mẹ́ta. A san ìdá mẹ́ta owó náà sílẹ̀, ìyókù di ìgbà tí a bá dé. A gba orúkọ rẹ̀, àwòrán rẹ̀ àti nọ́ńbà ọkọ̀ náà, a sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí Manchester. A kò ní kọ iye tí a san síhìn-ín, nítorí owó epo kò dúró lójú kan, kí ẹnikẹ́ni má baà mú ìwé ìròyìn yìí lọ bá awakọ̀ jà.

Ìyàwó wa ni ó bèèrè ohun tí kò sí lọ́kàn wa rárá. Ó ní, “Bàbá yìí tí yóò pàdé èrò ní àfẹ̀mọ́júmọ́, níbo ni yóò sùn mọ́jú?” A bi ọkùnrin náà. Ó rẹ́rìn-ín lórí fóònù, ó ní inú ọkọ̀ ni òun máa ń sùn sí, ojú kan ní sísùn, ojú kan ní ṣíṣọ́. Ẹ̀yin ará, ẹ rò ó wò: ẹni tí kò sùn ni a fẹ́ fi ẹ̀mí márùn-ún lé lọ́wọ́! A ní àna kan ní Máfolúkù, tí kò jìnnà sí pápákọ̀ náà. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni àwa àti ìyàwó wa wọ̀ sí ní ọjọ́ tí ó ṣáájú, awakọ̀ náà sì dé bá wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Wọ́n fún un ní ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá, wọ́n tẹ́ ẹní fún un, ó sì sùn títí di aago mẹ́rin òru. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé ọdún kọkàndínlógún nìyí tí òun ti ń wa èrò, ẹnikẹ́ni kò tíì bi òun ní ìbéèrè náà rí.

Ohun méjì sí i, kí a tó kúrò lórí ètò. Bí àgbàlagbà bá ń bọ̀, kí àwọn ọmọ rẹ̀ ti sọ fún àwọn tí ó ni ọkọ̀ òfurufú, ó kéré tán ní ọjọ́ méjì ṣáájú, pé kí wọ́n pèsè àga onítáyà tí a ó fi tì í. Kò sí owó lórí èyí. Èkejì ni pé fóònù òkè òkun lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ bí ó bá dé ilẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n wa kọ nọ́ńbà wa àti ti awakọ̀ sórí pálí, ó fi í sínú ìwé ìrìnnà rẹ̀. Fóònù ọmọ rẹ̀ kọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pálí kò kọ̀.

Pápákọ̀ Múrítàlá Muhammed, tí a ṣí ní ọdún 1979, tí a sì fi orúkọ olórí orílẹ̀-èdè tí a pa ní oṣù kejì ọdún 1976 pè, kì í sùn. Bí èrò bá ti ń jáde ni àwọn alábàárù, àwọn tí ń ṣẹ́ owó àti àwọn tí ń pe ọkọ̀ ń dà bò ó. A ti kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má fi àpótí lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni títí wọn yóò fi rí ojú wa. A rí wọn. Ohun tí ó tẹ̀lé èyí, ẹkún ayọ̀ ni, a kò sì ní fi gba àyè ìwé ìròyìn.

Ọ̀nà tí ó kù lé ní ọgọ́ta kìlómítà: Òṣòdì, Mile 2, Okokomáíkò, oríta Àgbárá, títí dé Àgbádárìgì. Ọdún 2009 ni ìjọba Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọ̀nà yìí gbòòrò sí i. Ọkọ̀ ojú irin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 láti Marina sì ń dé Mile 2. Lẹ́yìn Àgbárá, nítorí ọ̀nà ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀ ni, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba a máa dá ọkọ̀ dúró léraléra. Awakọ̀ wa a sọ gíláàsì kalẹ̀, a kí wọn ní èdè Ègùn, a sì fi ìwé ọkọ̀ hàn. Níbẹ̀ ni a ti mọ ìdí tí ó fi dára pé ọmọ ìlú ni a mú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọkọ̀ ilẹ̀ yóò gbé àwọn dé etí òkun ní Àgbádárìgì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀sà ni ó kọjú sí ìlú; òkun wà lódì kejì, ní Gbẹ̀rẹ̀fú, níbi tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà lọ. Ọkọ̀ ojú omi ni a fi ń sọdá, a ó sì tún fi ẹsẹ̀ rìn lórí iyanrìn. Àwọn ọ̀dọ́ lọ, wọ́n wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, wọ́n sì padà dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ̀gbọ́n wa kò lọ. Ó jókòó níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́ ní ọdún 1845, ó ń sọ ìtàn Àjàyí Crowther fún wa bí ẹni pé a kò gbọ́ ọ rí: bí ó ti dé ìlú yìí ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, tí ikú Ṣódẹkẹ́ àti ogun sì dí ọ̀nà Abẹ́òkúta mọ́ wọn, tí wọ́n fi dúró nǹkan bí oṣù méjìdínlógún, àti bí ó ti rí ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní oṣù kẹjọ ọdún 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí wọ́n ti kó o lẹ́rú.

Ní ọjọ́ kejì a wá ilé tí wọ́n gbé rí. Onílé ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ obìnrin wà láàyè, òun náà ti di arúgbó. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n wa fún ìgbà díẹ̀, ó sì pariwo, “Ìyàwó Tíṣà!” Nígbà tí wọ́n dì mọ́ ara wọn tán, ẹ̀gbọ́n wa bèèrè ohun tí ó bá wá. Obìnrin náà kò dá a lóhùn. Ó dì í lọ́wọ́ mú, ó mú un lọ sí ẹ̀yìnkùlé, níbi tí igi àgbọn mẹ́ta wà. Wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ apá kan ibẹ̀, wọ́n ń sá àgbàdo lórí rẹ̀. Ó ní ìyá òun kò jẹ́ kí wọ́n rẹ́ apá kejì, níbi tí igi ti àárín wà.

Ẹ̀gbọ́n wa kò sunkún. Ó ní kí a gbé àga wá fún òun. Awakọ̀ wa ni ó sáré gbé e wá, ó sì bọ́ fìlà rẹ̀, ó dúró ní ìdí ògiri. Ọmọ-ọmọ náà, tí kò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, lọ jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó bi í pé kí ni orúkọ ọmọ náà. Ó dá a lóhùn. Láti ìgbà tí a ti mọ ẹ̀gbọ́n wa, a kò tíì gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu rẹ̀ rí.

Nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́, ó pe awakọ̀ náà, ó bi í bí ó bá lè gbé wa dé Ilé-Ifẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin, àti iye tí yóò gbà. Ọkùnrin náà dárúkọ iye tí ó mọ́gbọ́n wá. Ẹ̀gbọ́n wa ná an díẹ̀ nítorí ojú ayé, ó sì pe Baba àgbà ní Òkè-Ogbó lórí fóònù, ó ní kí wọ́n máa gún iyán dè òun.