Pẹ́dà Tí Mo Fi Owó Àjọ Rà

Lọ́jọ́ Àìkú tí ẹni tó ń ta gìtá béèsì nínú ìjọ wa ní Ìkòsì dágbére fún wa, gbogbo wa la gbàdúrà fún un. Ó ti rí ìwé àṣẹ ìwọ̀lú gbà, ó ń lọ sí Kánádà, a sì bá a yọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni a tó mọ ohun tó bá a lọ. Ìlù ń dún, dùùrù ń dún, gìtá tèmi náà ń dún, ṣùgbọ́n orin kò fẹsẹ̀ múlẹ̀. Lẹ́yìn ìsìn, alàgbà kan pè mí sí kọ̀rọ̀, ó ní, “Ọmọ mi, orin yín òní dà bí ilé tí kò ní ìpìlẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?”

N kò rí èsì fún wọn. Nínú ẹgbẹ́ jùjú ńlá, irú ti King Sunny Adé, gìtá a máa pọ̀, oníkálukú a sì ní iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá sinmi, òmíràn a gbé orin náà dúró. Àwa mẹ́rin péré ni a jẹ́, a sì ti ku mẹ́ta. Àwa mẹ́ta yìí kan náà ni a máa ń lọ ṣeré níbi ìsọmọlórúkọ àti ìgbéyàwó ní Kétu àti Alápẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, owó tí mo bá sì rí níbẹ̀ ni a fi ń kún owó ilé ìwé àwọn ìbejì wa. Láàárín oṣù kan, ẹni méjì tó ti máa ń pè wá tẹ́lẹ̀ lọ pe ẹgbẹ́ mìíràn. Wọn kò bú wa. Wọ́n kàn ní orin wa kò wọni lára mọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Àsìkò yẹn ni mo gbọ́ nípa pẹ́dà octave. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ta gìtá, ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí bàbá àti ọmọ rẹ̀ kékeré bá jọ ń kọrin, ohùn bàbá a wà nísàlẹ̀, ti ọmọ a wà lókè, síbẹ̀ orin kan náà ni wọ́n ń kọ. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ni àwọn olórin ń pè ní octave. Pẹ́dà yìí jẹ́ àpótí kékeré tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, tí a so sí àárín gìtá àti ẹ̀rọ agbóhùnsókè. Bí mo bá ta okùn, yóò fi ohùn kan náà kún un, nísàlẹ̀ tàbí lókè. Okùn tó nípọn jù lára gìtá a máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Pẹ́dà lè sọ ọ́ di 41, ibẹ̀ gan-an sì ni okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin wà. Mo ní ojútùú ti dé.

Owó ni kò sí. Ìyàwó mi ń ta tòmátì àti ata ní Mile 12, oṣù yẹn ni àjọ sì kàn án. Ó ti ní i lọ́kàn láti fi owó náà kún ọjà rẹ̀, kí ó lè yé gba ọjà àwìn. Mo bá a sọ ọ́ lálẹ́, ilẹ̀ ni mo ń wò. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Bàbá Ìbejì, bó bá jẹ́ iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ni. Ẹ mú ìdá kan nínú mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé owó apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni o.”

Mo rántí fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta, mo rí fídíò kan lórí fóònù mi: ọkùnrin kan ń ta okùn kan ṣoṣo, ohùn tó ń jáde sì ki bí ààrá. Pẹ́dà náà kò wọ́n. Mo fi owó ránṣẹ́, wọ́n gbé e pàdé mi ní Kétu, n kò tilẹ̀ so ó mọ́ gìtá wò kí n tó gbé e lọ sílé. Ní ọjọ́ Àìkú, mo ta kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Ohun tó jáde kì í ṣe béèsì. Ó ń kùn, ó ń wárìrì, ó ń fò sókè sódò bí ẹni tí ibà ń ṣe. Onílù wo ojú mi. Mo fi ẹsẹ̀ pa á. Bí a ti ń lọ sílé, ọ̀kan nínú àwọn ìbejì béèrè pé, “Dádì, ṣé ẹ̀rọ yẹn ti bàjẹ́ ni?” Ìyá wọn kò sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ ló dùn mí jù.

Kò bàjẹ́. Iye ìgbà tí okùn ń gbọ̀n ni irú pẹ́dà bẹ́ẹ̀ ń kà. Bí okùn bá gbọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, òun a gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Okùn kan ṣoṣo ló lè kà. Bí okùn mẹ́ta bá dún pọ̀, kò mọ èyí tí yóò tẹ̀ lé, a sì máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Kì í ṣe pé irú rẹ̀ kò dára. Títí di òní ni àwọn kan ṣì ń wá OC-2 tí ilé iṣẹ́ Boss gbé jáde ní 1982, nítorí pé ohùn rẹ̀ ki, ó sì dùn létí. Ẹni tó ń ta okùn lọ́kọ̀ọ̀kan ló wà fún. Èmi ni n kò bi ara mi léèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe.

Ní ọ̀sẹ̀ náà, ìyàwó mi ní kí n wá bá òun gbé ẹrù ní ìdájí. Ẹni tó bá mọ Mile 12 mọ bí ibẹ̀ ṣe ń rí lákòókò yẹn: ọkọ̀ tó ti Òkè Ọya bọ̀ ń já tòmátì sílẹ̀, alábàárù ń pariwo kí a yà lọ́nà, ẹrẹ̀ ń bẹ lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin kan gbé apẹ̀rẹ̀ kan síwájú rẹ̀, tòmátì orí rẹ̀ pupa, ó ń dán. Ìyàwó mi kò wo orí. Ó ti ọwọ́ bọ ẹ̀gbẹ́ apẹ̀rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó fa ọ̀kan yọ. Ó ti rọ̀, omi ń jáde lára rẹ̀. Ó gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín, ó sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Kò bá mi sọ̀rọ̀ pẹ́dà rárá. Èmi ni mo sọ fún un pé, “Ìyá Ìbejì, orí apẹ̀rẹ̀ ni mo rà.” Ó ní, “Mo mọ̀. Ẹ padà lọ tú u wò.”

Mo ta ti àkọ́kọ́ fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó nílò irú rẹ̀. Mo pàdánù díẹ̀, mo sì sọ ohun tó lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe fún un. Lẹ́yìn náà, mo jókòó, mo kọ ìbéèrè mẹ́ta sílẹ̀.

Àkọ́kọ́: ṣé òkè ni mo ń lọ ni, àbí ìsàlẹ̀? Pẹ́dà kan wà tí Roger Mayer, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe fún Jimi Hendrix, òun la gbọ́ nínú orin “Purple Haze” ní 1967. Òkè ni ìyẹn ń gbé ohùn lọ, ó sì ń mú un ha. Ó dùn, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí mò ń wá. Ìkejì: ṣé okùn kan ni mò ń ta ni, àbí kọ́ọ̀dù? Kọ́ọ̀dù ni; nítorí náà, mo nílò èyí tó lè gbọ́ okùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, irú bíi POG tí Electro-Harmonix ń ṣe. Ìkẹta ló ṣòro jù: ṣé gbogbo okùn ni mo fẹ́ kó sọ̀kalẹ̀? Bí gbogbo kọ́ọ̀dù bá sọ̀kalẹ̀ pọ̀, ohùn a dàrú mọ́ra wọn. Ẹni tó ń ta béèsì kì í sábà ta kọ́ọ̀dù. Ohùn kan ló ń fi tẹ́lẹ̀ orin.

Ìbéèrè kẹta yìí ló mú mi dé ọ̀dọ̀ OC-3. OC-5 tó jáde ní 2020 ni ọkàn mi fẹ́, àpò mi ni kò gbà. Mo wá tọ́kùnbọ̀ OC-3. Ó lè gbọ́ kọ́ọ̀dù, ó sì ní ibi tí a fi ń pààlà, tó fi jẹ́ pé àwọn okùn ìsàlẹ̀ ni yóò mú sọ̀kalẹ̀, tí yóò fi ti òkè sílẹ̀. Ojú ìjáde ohùn méjì ló ní, mo lè darí ohùn gìtá gan-an sí ẹ̀rọ kan, kí n sì darí ohùn ìsàlẹ̀ sí ẹ̀rọ béèsì tó ti wà nílẹ̀ láìríṣẹ́ ṣe. Ẹ̀rọ agbóhùnsókè ti gìtá kò lè gbé ohùn tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Bí iná bá sì lọ, bátìrì 9 volt lè gbé pẹ́dà náà.

Lọ́tẹ̀ yìí, mo gbé gìtá mi lọ́wọ́ lọ. Orin mẹ́ta tí a máa ń kọ lọ́jọ́ Àìkú ni mo ta níbẹ̀, tí ọlọ́jà ń wò mí títí tó fi sú u. N kò dá a lóhùn títí mo fi dé ìsàlẹ̀ apẹ̀rẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín: pẹ́dà kò sọ mí di ẹni méjì. Ipa béèsì tí arákùnrin wa máa ń tọ̀ kúrò lábẹ́ orin kò ṣeé rí nínú àpótí. Mo ní láti kọ́ bí mo ṣe ń ta okùn ní mímọ́, kí n sì dín ariwo ọwọ́ mi kù. Ṣùgbọ́n alàgbà mi orí lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọ̀kan nínú àwọn tó fi wá sílẹ̀ sì tún pè wá síbi ìsọmọlórúkọ ní Kétu.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni ìyàwó mi fi gba ọjà àwìn kí n tó lè dá owó náà padà. Lálẹ́ tí mo kó o fún un, mo ti to àwọn owó tuntun sókè. Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó dojú owó náà délẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á láti ìsàlẹ̀.