Àwọn Àga Tí Mo Kó Jọ

Àwọn baba wa a máa wí pé, "Ohun tí a bá ní ni à ń náání, ọmọ aṣẹ́gità a máa náání èèpo igi." Láti kékeré ni mo ti gbọ́ òwe yìí, mo sì ti fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà, ṣùgbọ́n mo lé ní àádọ́ta ọdún kí ó tó yé mi, ilẹ̀ òkèèrè ni ó sì ti yé mi. Bí ó ti ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkàwé, bóyá yóò ṣe ẹlòmíràn ní àǹfààní.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó gbé mi dé ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ilé wa ṣófo, owó ọwọ́ wa kò sì tó ra ohun-èlò tuntun. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan mú mi lọ sí ibi tí wọ́n ti ń ta ohun-èlò ilé àtijọ́ ní gbàǹjo. Níbẹ̀ ni mo ti ra àga onígi kan tí kò ní tìmùtìmù, tí ó sì fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ọwọ́ kan gbé e dé ilé. Mo jókòó lé e, ó bá ẹ̀yìn mi mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó ṣe é. Láti ọjọ́ náà ni ìfẹ́ àga àtijọ́ ti wọ̀ mí lọ́kàn, títí mo fi ní mẹ́tàdínlógún nínú ilé tí ènìyàn méjì péré ń gbé. Ìyàwó mi a máa bi mí léèrè bóyá ilé-ìwé ni mo fẹ́ dá sílẹ̀.

Àwọn àga tí mo ń wá ni èyí tí wọ́n ṣe láàrin ọdún 1945 sí 1970. Ó yẹ kí n sọ ìtàn wọn ní ṣókí, kí ẹ lè mọ ìdí tí wọ́n fi níyì. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, bọ́ǹbù wó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi sì wọ́n bí ojú. Nítorí náà ní ọdún 1942 ìjọba pàṣẹ pé irú ohun-èlò ilé tí àwọn bá fi ọwọ́ sí nìkan ni kí a máa ṣe: kí ó lágbára, kí ó má ṣe ní ọ̀ṣọ́ àṣejù, kí ó má sì fi igi ṣòfò. Òǹtẹ̀ CC41 ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn tí bọ́ǹbù wó ilé wọn àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni wọ́n kọ́kọ́ gbà láàyè láti rà á. Ètò náà parí ní ọdún 1952, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò parí: àwọn oníṣẹ́ ti mọ̀ pé ohun tí kò ní ọ̀ṣọ́ lè lẹ́wà.

Ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ wọ̀nyí ni Lucian Ercolani, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tí a bí ní ọdún 1888, tí ó sì dá ilé-iṣẹ́ Ercol sílẹ̀ ní ìlú High Wycombe ní ọdún 1920. Láti ìgbà pípẹ́ ni ìlú náà ti jẹ́ ìlú àwọn tí ń ṣe àga, nítorí igbó igi beech wà ní àyíká rẹ̀. Ní ọdún 1944 ìjọba gbé iṣẹ́ 100,000 àga tí owó rẹ̀ kò wọ́n lé e lọ́wọ́. Igi beech ni ó fi ń ṣe ẹsẹ̀ àti ọ̀pá ẹ̀yìn àga, nítorí bí a bá fi ooru omi gbígbóná sè é, ó ṣe é tẹ̀. Igi elm ni ó fi ń ṣe ìjókòó, nítorí iṣan ara rẹ̀ lọ́ mọ́ ara wọn, kì í tètè là bí a bá dá ihò sí i. Ṣùgbọ́n elm a máa ká kò bí ó bá ń gbẹ. Ercolani kò torí èyí kọ̀ ọ́ sílẹ̀; ó wá ọ̀nà tí a fi lè gbẹ ẹ́ tí yóò fi dúró ṣinṣin.

Baba arúgbó kan, gbẹ́nàgbẹ́nà ní àdúgbò wa, ni ó kọ́ mi bí a ti ń yẹ àga wò. Ó ní kí n má ṣe wo ojú àga, ìdí rẹ̀ ni kí n wò. Kí n dojú rẹ̀ dé. Ẹsẹ̀ àga rere a gba inú ìjókòó já sókè. Wọn a la orí ẹsẹ̀ náà, wọn a sì gbá igi tínínrín bọ inú lílà náà kí ó lè fún pinpin, láìsí ìṣó. Bí ìyẹ̀fun igi tuntun bá ń dà láti inú ihò kéékèèké, kòkòrò ṣì wà níbẹ̀, kí n má ṣe rà á. Ó tún kọ́ mi láti mọ igi. Ẹnu yà mí láti rí i pé igi ilẹ̀ aláwọ̀dúdú wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ohun-èlò ìgbà náà: afrormosia láti Gold Coast, tí ó di Gánà ní ọdún 1957, àti sapele, tí a fi orúkọ ìlú Sapele ní Nàìjíríà sọ. Mo fi ọwọ́ pa igi ilẹ̀ mi lára ní Lọ́ńdọ̀nù, mo yìn ín, síbẹ̀ ọkàn mi kò lọ sí ilé.

Baba náà ni ó sọ fún mi pẹ̀lú pé igi elm ńláńlá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní ilẹ̀ wọn. Láti ìparí àwọn ọdún 1960 ni àrùn kan ti bá igi tí a kó wá láti Amẹ́ríkà ti Àríwá wọlé. Kòkòrò kékeré tí ń gbé abẹ́ èèpo igi ni ó ń gbé e kiri, ó sì pa elm tí ó ju mílíọ̀nù 25 lọ. Nítorí náà ẹni tí ó bá jókòó lórí àga elm àtijọ́, lórí igi tí ọmọ rẹ̀ lè má rí irú rẹ̀ nínú oko ni ó jókòó lé.

Ní ọjọ́ kan mo ra àga kékeré kan, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n ṣe fún ilé-ìwé lẹ́yìn ogun, tí a lè tò lé ara wọn lórí. Inú mi dùn jọjọ, nítorí irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Yíǹkì ti dà sí i, ọmọ kan sì ti fi ohun mímú ha lẹ́tà méjì àti àwòrán ẹyẹ kan sí abẹ́ ìjókòó rẹ̀. Òru méjì gbáko ni mo fi sáńpépà ha á, mo fi fáńíìṣì kùn ún, ó sì ń dán bí tuntun. Mo fi ìgbéraga gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ baba náà. Ó dojú rẹ̀ dé, ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó wí pé, "Olùkọ́ ni ọ́, ṣùgbọ́n o ti pa iṣẹ́ ọmọ ilé-ìwé rẹ́."

N kò rí èsì fọ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọ̀ tí ìmọ́lẹ̀ àti ọwọ́ ènìyàn fi àádọ́rin ọdún kùn sí ara igi, kò sí fáńíìṣì tí ó lè dá a padà. Ẹni tí ó mọ irú àga bẹ́ẹ̀ kò sì ní san ìdajì owó rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti owó ni ó dùn mí. Ẹyẹ náà ni mo ń rò. Ọmọ tí ó yà á lè ti di arúgbó báyìí. Èmi ni mo sì nù ún kúrò.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo rántí àga bàbá mi. Igi ìrókò ni. Gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú wa ni ó kàn án ní ọdún tí a bí mi. Orí rẹ̀ ni Bàbá máa ń jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ bí ó bá ti oko dé, apá ọ̀tún àga náà sì ti jẹ wọlé níbi tí ó máa ń gbé ọwọ́ lé. Mo pe ìyá mi lórí ẹ̀rọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni àga Bàbá wà?"

"Àkànní, àga wo? Ṣé èyí tí ìwọ fúnra rẹ ní kí a gbé kúrò ní pálọ̀, nígbà tí o fi owó àga tìmùtìmù ránṣẹ́ sí wa?"

"Òun ni, Màmá."

"Ọdún méjì ni òjò fi pa á ní ẹ̀yìnkùlé. Nígbà ìkómọjáde ọmọ àbúrò rẹ, igi ìdáná kò tó, ni wọ́n bá là á. Ìjókòó rẹ̀ nìkan ni mo gbà lọ́wọ́ wọn. Òun ni mo fi ń dé ìkòkò omi."

Ẹ̀yin ará, mo wo àga mẹ́tàdínlógún tí ó yí mi ká, àga àwọn baba ẹlòmíràn, tí mo fi owó iyebíye rà. Èmi kan náà ni mo sì fi ẹnu ara mi ní kí a lé ti baba mi síta.

Nígbà tí mo lọ sí ilé ní ọdún Kérésìmesì, ilé ìdáná ni mo kọ́kọ́ wọ̀. Mo gbé ìdérí náà kúrò lórí ìkòkò, mo sì dojú rẹ̀ dé gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ mi. Ihò ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì wà níbẹ̀; iná ti jó etí ọ̀kan. Mo rí ojú ibi tí ayùn gbà, mo sì rí ìlà èédú tí gbẹ́nàgbẹ́nà fà láti fi wọ̀n ọ́n, tí ẹnikẹ́ni kò tíì nù kúrò. Mo bẹ Màmá pé kí wọ́n fún mi, kí n máa gbé e lọ.

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Kí n wá fi kí ni dé omi mi?"

Mo mọ̀ pé wọ́n jàre. Mo nù ún mọ́, mo sì dá a padà sórí ìkòkò.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, mo mọ̀ pé bẹ́ǹṣì àti tábìlì wà ní ilé-ìwé yín tí àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú yín fi ìrókò tàbí ọ̀gánwó kàn, tí ẹ ń fẹ́ fi onírin tàbí oníke pààrọ̀. N kò ní kí ẹ má ṣe ra tuntun. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbé ti àtijọ́ síta, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ wo ìdí rẹ̀. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè ẹni tí ó kàn án àti igi tí ó fi kàn án, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Bí ẹ bá sì rí ẹyẹ kan tí ọmọ kan yà síbẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.