Ẹṣin Inú Àwòrán, Ìbaaka Ojú Ọ̀nà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé ẹnu lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń pa á. Ohun tí ó ń sáré, tí ó ń fò sókè, ni ojú máa ń fẹ́ wò. Èyí tí ó bá ń fẹ̀sọ̀ rìn, wọn a ní ọ̀lẹ ni. Èyí tí ó bá kọ̀ láti sáré, wọn a ní olórí kunkun ni. Bí a ti ń ṣe èyí sí ẹranko, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń ṣe é sí ẹni tí ó fara pa, tí ó ń gbìyànjú láti padà bọ̀ sípò.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ti ẹranko ná. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1800, Napoleon Bonaparte kó àwọn ọmọ ogun Faransé gba ọ̀nà Great St Bernard, lórí àwọn òkè Alps, kọjá sí ilẹ̀ Ítálì. Òjò dídì ṣì wà lórí òkè náà. Ní 1801, Jacques-Louis David ya àwòrán ìrìn àjò yìí: Napoleon wà lórí ẹṣin tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè, aṣọ ìlékè rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ó sì na ọwọ́ sí òkè. Àwòrán náà gbayì káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ìtàn fi yé wa pé kì í ṣe ẹṣin ni Napoleon gùn kọjá níbẹ̀. Ìbaaka ni, ọmọ àgbègbè náà kan ni ó sì mú un mọ̀nà. Ní nǹkan bí 50 ọdún lẹ́yìn náà ni Paul Delaroche ya ọ̀rọ̀ náà bí ó ti rí: ìbaaka tí ó dorí kodò, tí ó ń tẹ ilẹ̀ jẹ́jẹ́, àti ọkùnrin tí òtútù mú lórí rẹ̀. Ẹṣin ni ó gba ìyìn nínú àwòrán. Ìbaaka ni ó ṣe iṣẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìbaaka kò wọ́pọ̀ nílẹ̀ Yorùbá. Inú Bíbélì ni ọ̀pọ̀ ti kọ́kọ́ pàdé orúkọ rẹ̀, níbi tí wọ́n ti gbé Sólómọ́nì gun ìbaaka Dáfídì bàbá rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fi í jọba. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ni bàbá ìbaaka, abo ẹṣin ni ìyá rẹ̀. Kúrómósómù 64 ni ẹṣin ní, 62 ni ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, 63 sì ni ti ìbaaka. Ìdí nìyí tí ìbaaka kì í fi í sábà bímọ. Ó jogún ara ńlá lọ́dọ̀ ìyá, ó jogún ìfaradà àti pátákò tóóró tí ó le lọ́dọ̀ bàbá. Ó tún jogún ìwà kan tí àwọn ènìyàn kò fẹ́ràn: bí ẹ̀rù bá bà á, kì í sábà sá eré àsápajúdé bí ẹṣin, ńṣe ni yóò dúró gbọin, tí yóò máa wo ilẹ̀. Ẹni tí ó gùn ún lè nà án, ó lè jágbe mọ́ ọn. Bí ibi tí wọ́n ní kí ó tẹ̀ kò bá dá a lójú, kò ní í tẹ̀ ẹ́. Èyí ni wọ́n ń pè ní orí kunkun. Lójú ọ̀nà tóóró tí òjò dídì bò, tí ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orí kunkun yìí kan náà ni ó ń dá ẹ̀mí ẹni tí ó gùn ún sí.

Ẹnì kan tí ìtàn ayé rẹ̀ fi èyí hàn dáadáa ni Isabella Bird, arìnrìn-àjò àti òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1831 ni wọ́n bí i ní Boroughbridge, ní agbègbè Yorkshire. Àlùfáà ìjọ ni bàbá rẹ̀. Láti kékeré ni ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Ní 1850, àwọn dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, wọ́n yọ kókó kan kúrò nítòsí ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora náà kò lọ tán. Wọ́n gbà á nímọ̀ràn pé kí ó rin ìrìn àjò. Ní 1854, bàbá rẹ̀ fún un ní 100 pọ́n-ùn, ó sì wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Àríwá Amẹ́ríkà.

Láyé ìgbà náà, àṣà àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni láti jókòó lórí ẹṣin kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà ní apá kan ṣoṣo. Ìjókòó yìí ń lọ́ ẹ̀yìn Isabella, ó sì ń dá kún ìrora rẹ̀. Ní erékùṣù Hawaii, ní 1873, ó rí àwọn obìnrin tí ń ya ẹsẹ̀ gun ẹṣin bí ọkùnrin. Òun náà dán an wò, ara sì tù ú. Lọ́dún kan náà ó gun ẹṣin káàkiri àwọn òkè Rocky ní Colorado, títí ìgbà òtútù fi ká a mọ́bẹ̀. Àyípadà ìjókòó yìí kò wo ẹ̀yìn rẹ̀ sàn pátápátá; ohun tí ó ṣe fún un ni pé ó fún un ní ọ̀nà tí ó lè gbà bá àìlera rẹ̀ gbé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti di àríyànjiyàn. Bí Isabella bá wà nílé, orí ibùsùn ni ó sábà máa ń wà. Bí ó bá ti wà lórí ẹṣin nílẹ̀ òkèèrè, yóò rìn fún ọ̀pọ̀ wákàtí, yóò sì sùn sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Títí di òní, àwọn tí ń kọ ìtàn ayé rẹ̀ ṣì ń béèrè bóyá àìsàn ara ni tàbí ti ọkàn. Kò ṣòro fún ẹni tí nǹkan kan kò ṣe láti sọ pé ó ń díbọ́n ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wọ bàtà ni ó mọ ibi tí ó ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Kókó tí wọ́n yọ ní 1850 kì í ṣe ìdíbọ́n, òkè tí ó gùn ní 1873 kì í sì í ṣe irọ́. Ènìyàn kan náà lè ní ìrora tòótọ́, kí ó sì ní agbára tòótọ́.

Ní 1889, ní Ladakh, ẹṣin tí ó gùn ṣubú nínú odò Shayok. Eegun ìhà rẹ̀ kan dá, ara rẹ̀ sì fara gbọgbẹ́. Kò pé ọdún kan lẹ́yìn èyí, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1890, tí ó ti di ẹni ọdún 58, ó gbéra ní Baghdad, ó kọrí sí Tehran, olú-ìlú Páṣíà tí à ń pè ní Ìránì lónìí. Òun àti ọ̀gá kan nínú iṣẹ́ ológun Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ lọ. Ìbaaka ni Isabella gùn, ìbaaka ni ó sì ru ẹrù rẹ̀. Ìgbà òtútù nini ni, òjò dídì sì ga lórí àwọn òkè tí wọ́n gbà kọjá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ilé èrò ni wọ́n ń wọ̀ sí, níbi tí èéfín ti ń ta ojú, tí ènìyàn àti ẹran ti jọ ń sùn.

Ẹni tí ó bá gun ìbaaka nírú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ní láti dẹ ìjánu fún un. Yóò fara síwájú díẹ̀ bí wọ́n bá ń gun òkè, yóò fara sẹ́yìn bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀, yóò sì jẹ́ kí ẹranko náà fúnra rẹ̀ yan ibi tí yóò tẹ̀. Ìrìn àjò náà gbà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ. Nígbà tí Isabella fi dé Tehran ní òpin oṣù Èrèlé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ó sì ní láti sinmi kí ó tó tún lè gbéra. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìtàn yìí ti aláìsàn jáde sínú òtútù. Obìnrin náà mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun rìn. Òpin ọ̀nà náà sì fi hàn pé ìgbà ìsinmi náà wà. Ní 1892, Royal Geographical Society gbà á wọlé pẹ̀lú àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó di ọmọ ẹgbẹ́ náà. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ni ó fún Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ní aago wúrà ní 1880 nítorí ìrìn àjò rẹ̀ lórí Odò Ọya.

Eegun pàápàá ń rìn bí ìbaaka. Bí ó bá dá, ẹ̀jẹ̀ a kọ́kọ́ dì sí ojú ibẹ̀. Kèrékèré tí ó rọ̀ a so ojú méjèèjì pọ̀. Bí ọ̀sẹ̀ ti ń gorí ọ̀sẹ̀, a di eegun líle. Lẹ́yìn náà ni ara yóò máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ fún oṣù púpọ̀, nígbà mìíràn fún ọdún. Eegun tí a kò lò rárá a máa di aláìlágbára; èyí tí a sì di ẹrù wúwo rù láìtọ́jọ́ lè tún dá. Láàárín méjèèjì ni ìwòsàn wà. Lis Hartel, ọmọ ilẹ̀ Denmark, ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ní 1944. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́ láti orúnkún dé ìsàlẹ̀. Ó fi sùúrù padà sórí ẹṣin, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ fàdákà nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Helsinki ní 1952.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí kíláàsì wa. Ọ̀kadà ti ṣe ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ léṣe. Wọn a tọ́ eegun rẹ̀, wọn a tú ohun tí wọ́n fi dì í, ọmọ náà a padà sílé ìwé. Ní ọjọ́ Ajé, olùkọ́ rí i tí ó ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní òun kò lè gé koríko. Kíá, wọ́n ti pè é ní òpùrọ́. Bẹ́ẹ̀, eré ọjọ́ Ajé kò sọ ìrora ọjọ́ Ìṣẹ́gun di irọ́. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ pé eré náà ni ó fà á. Akẹ́kọ̀ọ́ náà sì ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀ láti kọ́: bí ìbaaka bá dúró wo ilẹ̀, tí ó sì rí i pé ó le, a máa gbé ẹsẹ̀ tí ó kàn. Ẹni tí dókítà bá ti ní kí ó máa rìn, kí ó rìn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀nba.

Ẹ̀yin olùkọ́, kí ẹ tó gbé àdá lé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́, ẹ bi í pé, “Báwo ni ó ṣe ń dùn ọ́ lónìí?” Kí ẹ sì dúró gbọ́ èsì rẹ̀.