Ẹlẹ́rìí Kì Í Ṣe Adájọ́

Kò sí ọdún kan tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wá béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ àwa àgbààgbà Festac Town nítorí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ tí wọ́n fẹ́ kọ nípa ìlú wa. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ìjọba àpapọ̀ ló kọ́ ìlú náà láti gba àlejò FESTAC '77, àjọ̀dún àṣà àti iṣẹ́ ọnà àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé, tí ó wáyé láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Ohun kíkà nípa rẹ̀ pọ̀ jaburata. Ohun tó ṣòro fún àwọn ọmọ wa ni láti mọ irú ohun tí wọ́n ń kà.

Ọmọbìnrin kan láti Amúwò-Ọ̀dọ̀fin kó ogójì àpilẹ̀kọ wá bá mi láìpẹ́ yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ̀ ti dá a padà. Bí ó bá tún dá a padà, kò ní bá ẹgbẹ́ rẹ̀ gboyè lọ́dún yìí. Gbogbo ogójì ni ó kọ sábẹ́ àkọlé kan ṣoṣo: “Jọ́nà”. Mo yẹ̀ wọ́n wò. Mo rí Daily Times ọdún 1977 níbẹ̀, mo rí magasíìnì aláwòrán mèremère, mo rí ìwé pélébé tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò kan ní Trade Fair ń tẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ wọn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣebí gbogbo wọn ló ń jáde látìgbàdégbà?” Òótọ́ ló sọ. Ìwé àtìgbàdégbà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ẹrù tí ọ̀kan lè rù, èkejì kò lè rù ú.

Ẹ jẹ́ ká mú Daily Times yẹn. Wákàtí díẹ̀ péré ni akọ̀ròyìn ní kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹlẹ́rìí ni: ó lè sọ ẹni tó jó, ibi tó ti jó àti ohun tí ìjọba wí lọ́jọ́ náà. Kò sí jọ́nà tó lè gba ipò yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti ra ìpín 60 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà. Nígbà tí irú ìwé ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá ń yin àjọ̀dún ìjọba, ó yẹ kí olùwádìí rántí ẹni tó ni ín.

Nínú ogójì kan náà ni àpilẹ̀kọ Andrew Apter wà, èyí tó jáde nínú Public Culture ní ọdún 1996, nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn tí àwọn oníjó ti padà sílé. Ohun tó ń wò ni bí owó epo rọ̀bì ṣe sọ àṣà di ìran wíwò. Àṣà irú jọ́nà bẹ́ẹ̀ ni pé kí wọ́n tó tẹ iṣẹ́ jáde, àwọn onímọ̀ mìíràn nínú ẹ̀ka náà á kà á, wọ́n á sì ní kí òǹkọ̀wé tún ibi tó mẹ́hẹ ṣe. Òǹkọ̀wé náà á tọ́ka sí gbogbo ibi tó ti rí ọ̀rọ̀, kí ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè lọ wò ó. Èyí ni olùkọ́ ọmọ náà ń wá. (Èmi kò gbà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ pé jọ́nà kì í ṣìnà. Ó ń ṣìnà, ṣùgbọ́n ó máa ń fi ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.)

Orúkọ ara èèpo ìwé kì í ràn wá lọ́wọ́ níbí. Kò sí ọ̀rọ̀ “jọ́nà” nínú orúkọ Public Culture. Black Orpheus, tí Ulli Beier àti Janheinz Jahn dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1957, pe ara rẹ̀ ní jọ́nà, bẹ́ẹ̀ ewì àti ìtàn àròsọ ló pọ̀ nínú rẹ̀. Ti Akéde Èkó tún wá le ju ìyẹn lọ. Ní ọdún 1929 ni Isaac B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwọn lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Obìnrin náà ní àìsàn ti dá òun dùbúlẹ̀, ó ń ròyìn ìgbésí ayé rẹ̀ bí ẹni ń jẹ́wọ́. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé gbà á gbọ́. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ gbogbo rẹ̀! Ẹni tó bá kó lẹ́tà wọ̀nyẹn sínú iṣẹ́ ìwádìí gẹ́gẹ́ bí ìròyìn ti fi ìtàn àròsọ jẹ́rìí. Ẹni tó bá sì lò wọ́n láti fi wo ìwà àti èdè àwọn ará Èkó ìgbà náà ti rí ìṣúra.

A jókòó pín àwọn ìwé ọmọ náà. Daily Times lọ sí orí tó dá lórí ìṣẹ̀lẹ̀ ọdún 1977. Ìwé ẹgbẹ́ oníṣòwò lọ síbi tó ti ń sọ̀rọ̀ nípa àdúgbò wa lónìí. Magasíìnì fún un ní àwòrán, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Mẹ́sàn-án ló ń dà wá láàmú. Jọ́nà ni wọ́n pe ara wọn, wọ́n sì ní ISSN. Ọmọ náà gbójú lé nọ́ńbà yẹn. Ṣùgbọ́n bíi nọ́ńbà ara ọkọ̀ ni ISSN rí: ó ń fi hàn pé ọkọ̀ náà ní ìwé, kò sọ bóyá awakọ̀ mọ ọkọ̀ wà. Nígbà tí a yẹ̀ wọ́n wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan ṣèlérí láti tẹ iṣẹ́ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta bí owó bá ti wọlé. Òmíràn da ìmọ̀ ìṣègùn, òfin àti iṣẹ́ àgbẹ̀ pọ̀ nínú ìtẹ̀jáde kan ṣoṣo. Òmíràn kò dárúkọ olóòtú kankan. Ta ló ka àwọn iṣẹ́ náà kí wọ́n tó tẹ̀ wọ́n? A kò rí ẹnì kankan. Ó yọ méje kúrò, ó fi méjì sílẹ̀, nítorí pé a rí orúkọ àwọn olóòtú wọn ní yunifásítì tí wọ́n ní àwọn ti ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ Ajé ni iṣẹ́ náà yóò padà sọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀.