Ibùdó Kọ̀ǹpútà tí Mo Ti Ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà

Olóòtú ìwé wa yìí sọ fún mi pé àwọn ọmọ wa kò gbà gbọ́ pé kọ̀ǹpútà ti wọ ilé àwọn ènìyàn kí fóònù alágbèéká tó dé, ó sì ní kí n kọ díẹ̀ sílẹ̀ nínú ohun tí ojú mi rí. N kò kọ̀, nítorí pé mo wà lára àwọn tó ṣọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ ọ ní ìgbà ooru ọdún 1984, ní orí òkè kan ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania.

Àwọn àgbà àárín wa mọ bàbá mi, ẹni tí ó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ta aṣọ ní Jos. Òun ló rán mi lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní yunifásítì. Láti 1982 ni owó epo rọ̀bì ti ń wálẹ̀, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí í di owó ilẹ̀ òkèèrè mú. Bàbá mi san náírà sí báńkì, ó gba ìwé ẹ̀rí, owó kò dé ọ̀dọ̀ mi. Àwọn ológun gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983. Nígbà tí ó di oṣù Kẹrin 1984, wọ́n tún pààrọ̀ àwọ̀ owó náírà, bàbá mi sì tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn ọlọ́jà yòókù láti pààrọ̀ èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kọ lẹ́tà sí mi pé kí n fọkàn balẹ̀. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Yunifásítì ti dá ọjọ́ fún mi nínú oṣù Kẹsàn-án: bí n kò bá san owó nígbà náà, kí n di ẹrù mi.

Àṣà àwọn ará Amẹ́ríkà ni láti kó ọmọ lọ sí ibùdó nínú igbó nígbà ìsinmi gígùn, kí wọ́n lọ lúwẹ̀ẹ́, kí wọ́n ṣeré. Ní 1977, Michael Zabinski, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Fairfield University, dá ibùdó kan sílẹ̀ ní Connecticut tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà. Nígbà tí yóò fi di 1984, irú rẹ̀ ti pọ̀. Mo gba ìwé àṣẹ, mo sì rí iṣẹ́ nínú ọ̀kan. Iṣẹ́ mi ni láti sùn sí yàrá àwọn ọmọ, láti ṣọ́ wọn létí odò, àti láti ran àwọn olùkọ́ lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ.

Commodore 64 ni ẹ̀rọ wa. 595 dọ́là ni wọ́n ń tà á nígbà tí ó jáde ní 1982, ṣùgbọ́n iye rẹ̀ ti já sí nǹkan bí 200. Ó rí bíi taipuráítà pẹlẹbẹ, kò ní ojú tirẹ̀, ara tẹlifíṣọ̀n ni a ń so ó mọ́. Gbogbo ohun tí ó lè rántí lẹ́ẹ̀kan náà kò ju lẹ́tà 65,536 lọ. Àwòrán kan ṣoṣo tí ẹ fi fóònù yà níbi ìsọmọlórúkọ kò lè wọ inú rẹ̀. Bí ẹ bá pa á, ó ti gbàgbé ohun gbogbo, àfi bí ẹ bá ti kó iṣẹ́ yín sórí díìsìkì tàbí sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ fújì. Kásẹ́ẹ̀tì yìí lọ́ra púpọ̀. Ọmọ lè tẹ bọ́tìnnì kí ó lọ jẹun kí ó tó padà wá bá a. Èdè BASIC ni a fi ń bá ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀. Bí àmì kan bá ṣì, yóò kọ SYNTAX ERROR, kò ní fi bínú. Àwọn ọmọ náà kì í tìjú, wọ́n á tún un tẹ̀. Níbi tí èmi ti kàwé, pàṣán ni ìdáhùn irú rẹ̀.

Ọmọkùnrin ọmọ ọdún 9 kan wà nínú yàrá mi tí ó ń sunkún lálaalẹ́. (Orúkọ mi gan-an ni òun àti àwọn yòókù ń pè, láìfi bùọ̀dá kan ṣíwájú, mo gbà bẹ́ẹ̀.) Bàbá àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ ara wọn sílẹ̀ ni. Kò jẹun dáadáa fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá wa ní bí ó bá tún rí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ méjì sí i, a ó dá a padà sílé, kò sì sí ẹni tó mọ èwo nínú ilé méjèèjì. Ní alẹ́ kẹrin mo jókòó ti bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mo sọ fún un pé èmi náà jìnnà sílé. Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń kí ènìyàn ní ilé mi. Mo kọ́ ọ ní Ẹ kú alẹ́. Ó ń pè é títí ó fi sùn.

Ní òwúrọ̀, òun ló kọ́kọ́ dé ìdí ẹ̀rọ. Ó kọ E KU ALE. Mo ní kò tíì pé, pé láìsí àmì, ènìyàn lè kà á sí ohun mìíràn tí kò yẹ kí ọmọdé máa fi kí àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ náà gbà kí ènìyàn ya lẹ́tà tirẹ̀. Inú àpótí onílà 8 ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan wà, àmì 8 sì wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kan ló ń sọ èyí tí yóò tàn nínú wọn. A mú bébà alápòótí, a fi pẹ́ńsù kùn ún. Ìlà 7 ni lẹ́tà E ti ẹ̀rọ gbà. Bí a bá fi àmì sí ìlà kẹjọ, ńṣe ni yóò lẹ̀ mọ́ ọn nídìí bí eégbọn. Ọmọ náà ló ní kí a gé E kúrú ní ìlà kan. Ohun tí a rí nìyí: 126, 96, 96, 120, 96, 126, 0, 24. 24 tó gbẹ̀yìn yẹn ni àmì ìsàlẹ̀. Àmì ohùn kò rí àyè lókè, a fi í sílẹ̀. Nígbà tí ó tẹ RUN, Ẹ KU ALẸ kún ojú tẹlifíṣọ̀n láti òkè dé ilẹ̀, ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀. N kò tíì rí èdè wa nínú kọ̀ǹpútà rí. Mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ilé fún ìgbà díẹ̀.

Ó jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà, ìkíni alẹ́ ni gbogbo ibùdó fi ń kí mi tọ̀sán-tòru. Lọ́jọ́ ìparí, bàbá rẹ̀ gbé ọkọ̀ tirẹ̀ wá, ìyá rẹ̀ gbé tirẹ̀ wá, ó sì fi iṣẹ́ rẹ̀ han wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

900 dọ́là ni mo gbà fún ọ̀sẹ̀ 8. Kò pé owó ilé-ìwé, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ ibùdó, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní yunifásítì wa, ti rí bébà tí a fi ya lẹ́tà. Òun ló bá mi wá iṣẹ́ nínú yàrá kọ̀ǹpútà, wọ́n sì jẹ́ kí n máa san ìyókù díẹ̀díẹ̀. Owó bàbá mi dé ní 1985, nígbà tí mo ti san gbèsè tán.

Mo ra Commodore àlòkù kan bọ̀ wálé ní 1986. Ẹ má rò pé ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí mo gbé e dé Jos. Agbára iná wọn tó ìdajì tiwa, mo ní láti wá tiransifọ́mà. Ìlànà tẹlifíṣọ̀n wọn kì í ṣe tiwa, àwòrán ń yí gbirigbiri lójú tẹlifíṣọ̀n bàbá mi. Ó di ìgbà tí ọ̀rẹ́ kan bá mi gbé tẹlifíṣọ̀n kékeré bọ̀ láti ọ̀hún. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 10, ló kọ́kọ́ jókòó sí i. Ẹ àti Ọ ti wà nílẹ̀, nítorí náà mo fún un ní bébà alápòótí pé kí ó ṣe Ṣ. Ọjọ́ méjì ló gbà á, nítorí S kò rọrùn láti gé kúrú. Òun náà ló ń kọ́ àwọn ọmọ yín ní gbọ̀ngán ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sátidé báyìí.